Ṣé O Mọ̀? Gbèsè Kì í Ṣe Ọ̀ràn, Fífi Í Pamọ́ Ni Ọ̀ràn

Bí o bá ń gbé Àgbárá, Ọ̀tà tàbí Sàngó, tí gbèsè sì ti fẹ́ bò ọ́ mọ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti sọ fún ọ pé kí o lọ sí kóòtù kí wọ́n kéde pé o ti wọko gbèsè, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Dúró ná. Kọ́kọ́ ka èyí.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù

Ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ lè kó lọ, kí gbèsè òṣìṣẹ́ rẹ̀ má kúrò lójú kan? Ní 2017 ni Procter & Gamble ṣí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ná $300 mílíọ̀nù lé lórí ní Àgbárá. Nígbà tí yóò fi di 2018, wọ́n ti tì í pa. Ní oṣù kẹjọ 2023, GlaxoSmithKline tó ti pẹ́ ní Àgbárá náà kéde pé òun ń kógbá sílé. Ẹni tó fi owó oṣù irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró láti yá owó kọ́lé ṣì ń jẹ gbèsè náà lọ́jọ́ tí geeti ti pa.

Ṣé o mọ̀ pé ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè? Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó yẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2018 nínú ẹjọ́ Diamond Bank àti Opara: gbígba gbèsè fún ilé ìfowópamọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ EFCC.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé sọ̀wédowó kan lè sọ gbèsè di ẹ̀wọ̀n? Wo bí ó ṣe ń lọ. Oníbàárà rẹ mú sọ̀wédowó rẹ lọ sí báńkì, òṣìṣẹ́ báńkì wo kọ̀ǹpútà, ó rí i pé owó kò sí níbẹ̀, ó sì tẹ lẹ́tà mẹ́ta sí i lára: DAR. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta tí o kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kúrò ní gbèsè lásán. Òfin tí wọ́n ṣe lórí sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí ní 1977 fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí i fún ẹni tó jẹ̀bi, kò sì fi àyè owó ìtanràn sílẹ̀. Nítorí náà, má ṣe kọ sọ̀wédowó tó máa jáde lọ́la nítorí kí olówó lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé onídùúró lè san gbèsè kí ẹni tó yá owó gan-an tó san kọ́bọ̀? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2010, nínú ẹjọ́ Chami àti UBA: ẹni tó yáni lówó kò ní láti kọ́kọ́ pe onígbèsè lẹ́jọ́ kí ó tó dojú kọ onídùúró. Bí àbúrò rẹ bá ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i ni", mọ̀ pé owó lo fẹ́ yá yẹn.

Ṣé o mọ ìdí tí àwọn obìnrin fi ń bẹ̀rù ọjọ́ ìpàdé gbọ́mú-lé-láńtà, ìyẹn owó tí wọ́n ń yá ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́? Káàdì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, wọ́n jókòó yí òṣìṣẹ́ tó wá gbowó ká, ó ń pe orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kan kò jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa dìde lọ sílé. Àwọn tó kù á tú ìdí ìró, wọ́n á dá owó náà pé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọrí sílé ẹni tí kò wá. Gbogbo wọn ni onídùúró ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé kíkó owó lọ sí báńkì mìíràn kò gbà ọ́ mọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fi ètò kan lélẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GSI. Báńkì tí o jẹ ní gbèsè lè tọ BVN rẹ lọ, kí ó yọ owó náà nínú àkáǹtì rẹ mìíràn, níbikíbi tó bá wà. Ìwọ fúnra rẹ lo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí o gbowó.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń kọ ìtàn gbèsè rẹ sílẹ̀? CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ni. Òfin 2017 lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Gbà á kí o tó ṣe ohunkóhun. Gbèsè tí o ti san tán lè ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí o ń jẹ.

Ṣé o mọ̀ pé áàpù tó ń yáni lówó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ? Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Soko Loan nítorí irú ìwà yìí. Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ irú àwọn áàpù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dójú tì ọ́, ya àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ náà pamọ́, kí o sì kọ̀wé ẹ̀sùn sí FCCPC. Àmọ́ gbèsè náà ṣì wà.

Níwájú adájọ́

Ṣé o mọ̀ pé òfin lórí ẹni tó wọko gbèsè ti wà ní Nàìjíríà láti 1979, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1992? Ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ló wà fún. Òfin CAMA ti 2020 ló ń rí sí ti kọ́ńpínnì.

Ṣé o mọ̀ pé gbèsè ₦2,000 péré ni òfin náà ní ó tó kí olówó fi gbé ọ lọ? Owó tí kò ra odindi adìyẹ mọ́ nìyẹn. Àmọ́ nǹkan kan gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó lè pe ẹjọ́. Ó lè jẹ́ pé kóòtù ti dá ọ lẹ́bi, wọ́n fún ọ ní ìwé ìkìlọ̀, ọjọ́ 14 sì kọjá láìsí ìdáhùn. Ó lè jẹ́ pé o ti sọ fún àwọn olówó rẹ pé o kò san mọ́, tàbí pé o ti gbé dúkìá fún ẹlòmíràn kí ọwọ́ wọn má bàa tó o.

Ṣé o mọ̀ pé ìwọ náà lè gbé ara rẹ lọ? O lè kọ ọ́ fún kóòtù pé apá rẹ kò ká gbèsè rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù májísíréètì kò lè gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kóòtù ìbílẹ̀ àti kóòtù gíga ìpínlẹ̀ Ògùn. Kóòtù Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ni, ti ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà ní Abẹ́òkúta. Ka owó mọ́tò àti owó lọ́yà mọ́ gbèsè rẹ.

Ṣé o mọ àǹfààní tó wà níbẹ̀? Bí kóòtù bá ti pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Official Receiver gba dúkìá rẹ sábẹ́ àbójútó, olówó kankan kò tún lè pè ọ́ lẹ́jọ́ lórí gbèsè náà láìgba àṣẹ. Gbogbo wọn á tò sórí ìlà kan. Ẹni tó ní ìdógò lọ́wọ́ nìkan ni kò ní tò: bí ìwé ilé rẹ bá wà ní báńkì, báńkì á ṣì ta ilé.

Ṣé o mọ̀ pé wọn kò ní bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ? Irinṣẹ́ tí o fi ń jẹun, aṣọ àti ibùsùn ìwọ àti ìdílé rẹ wà lẹ́yìn odi, títí dé iye owó tí òfin fi sí i. Ohun tí o ń tọ́jú fún ẹlòmíràn kì í ṣe tìrẹ, nítorí náà wọn kò lè pín owó ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ akápò fún àwọn tí akápò jẹ ní gbèsè.

Ṣé o mọ̀ pé ìyípadà orúkọ lórí ìwé ilẹ̀ kò bo àṣírí? Bí gbèsè bá ti ń lé ọ, tí o wá kọ ilé sí orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò, kóòtù lè fagi lé e, yóò sì tún di ẹ̀rí tí wọ́n á fi gbé ọ lọ. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ní gbangba, lórí ìbúra.

Lẹ́yìn ìkéde

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kóòtù kéde pé ó wọko gbèsè, tí kò tíì gba ìdásílẹ̀, kò lè ṣe ààrẹ, gómìnà, sẹ́nétọ̀ tàbí aṣòfin? Inú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló wà, ní abala 66, 107, 137 àti 182. Kò sì gbọdọ̀ jókòó gẹ́gẹ́ bí olùdarí kọ́ńpínnì.

Ṣé o mọ̀ pé ogún tí bàbá rẹ bá fi sílẹ̀ ní àkókò yẹn, ọwọ́ àwọn olówó ló ń lọ? Ohun tó bá dé kí kóòtù tó dá ọ sílẹ̀ náà wà nínú dúkìá tí wọ́n ń pín.

Ṣé o mọ̀ pé ìdásílẹ̀ rẹ kò dá onídùúró rẹ sílẹ̀? Ìwọ á fò jáde, àwọn olówó á yíjú sí i. Gbèsè tí o fi jìbìtì jẹ náà kì í parẹ́.

Láyé àtijọ́ àti lókè òkun

Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa ní ètò tiwọn? Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni èlé. Bó fi ogún ọdún kọ ebè, owó tí wọ́n yá kò dín kọ́bọ̀. Samuel Johnson náà kọ nípa ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: ẹni tí olówó bá bẹ̀ lọ́wẹ̀ á lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, á máa pariwo, á máa jẹun níbẹ̀, títí owó á fi jáde. Àwọn tó ń pe fóònù rẹ láàárọ̀ kùtùkùtù lónìí kò tíì jókòó sí pálọ̀ rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £680 ni owó tí ènìyàn ń san láti kéde ara rẹ̀, àti pé ọdún kan ló sábà máa ń gba kí wọ́n tó dá a sílẹ̀? Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò ju £50,000 lọ, tí kò sì ní dúkìá tó ṣe gúnmọ́, lè gba ọ̀nà kékeré tí wọ́n ń pè ní DRO. Láti oṣù kẹrin 2024, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ilé tí ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ sí Àgbárá wà lára dúkìá rẹ̀ níwájú òfin Gẹ̀ẹ́sì? Òfin 1986 wọn sọ pé dúkìá ni dúkìá, níbikíbi tó bá wà. Bí ó bá fi ilé náà pamọ́, ó ti kúrò ní onígbèsè, ó ti di ọ̀daràn.

Ṣé o mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, o gbọ́dọ̀ lọ gba ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ owó láàárín ọjọ́ 180 kí o tó lè gbé ìwé lọ sí kóòtù? Owó ìtọ́jú ọmọ kì í wọlé sínú ohun tí wọ́n ń pa rẹ́, ó sì ṣòro kí gbèsè ilé-ìwé wọlé sí i.

Kí o tó wọ mọ́tò Abẹ́òkúta

Ṣé o mọ̀ pé o lè bá àwọn olówó rẹ dúnàá-dúrà? Òfin 1979 náà fàyè gba á: bí àwọn tó ju ìdajì wọn lọ bá gbà, tí owó tí o jẹ àwọn tó gbà bá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo gbèsè, tí kóòtù sì fọwọ́ sí i, àdéhùn náà mú àwọn tó kù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá ọ, kí o sì gba ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sínú ìwé.

Ṣé o mọ̀ pé bí ọlọ́pàá bá ti ọ́ mọ́lé nítorí gbèsè, tí o kò sì lówó lọ́yà, o lè ké sí Legal Aid Council? Ìjọba ló dá a sílẹ̀ fún tálákà, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí Official Receiver á kọ́kọ́ béèrè? Ìwé kan ni: gbogbo ohun tí o ní, gbogbo ẹni tí o jẹ, orúkọ wọn, àdírẹ́ẹ̀sì wọn, iṣẹ́ wọn, àti ohun tí o fi dógò sọ́dọ̀ wọn. Lálẹ́ òní, mú bírò, kọ ọ́. Kọ owó àjọ sí i, kọ ti áàpù, kọ ti àna rẹ, kọ ilẹ̀ tí ìyàwó rẹ kò mọ̀ pé o rà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé yẹn ló ń fi hàn bóyá kóòtù ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́, àbí ilẹ̀ kan tí o lè tà kí o sì san gbèsè.