Bí Sinimá Ṣe Ń Tú Aṣọ Lára Àwọn Aránṣọ

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ láti Ìdó, ìlú Olójùdó, títí dé Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé ní ilẹ̀ Èkìtì, tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ojú kan wo abẹ́rẹ́, tí ó sì ń fi ojú kejì wo eré àgbéléwò, ẹni tí ó rán aṣọ ni gbogbo ayé wá ń fẹ́ kí báyìí, ohun tí wọ́n sì ń bi í kò jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rárá: ẹni tí ó fẹ́ àti ẹni tí ó kọ̀ sílẹ̀, gbèsè tí ó jẹ, irú ikú tí ó pa á.

Àwọn Òyìnbó ni wọ́n tètè mọ adùn ọjà yìí. Ní ọdún 2021 ni Ridley Scott gbé House of Gucci jáde, fíìmù tí Lady Gaga ti ṣe Patrizia Reggiani, obìnrin tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní ọdún 1998 pé òun ni ó wà nídìí bí wọ́n ṣe yìnbọn pa ọkọ rẹ̀ àtijọ́, Maurizio Gucci, ní ìlú Milan ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1995. Ẹni tí ó bá wo fíìmù náà tán yóò mọ ẹni tí inú ń bí àti ẹni tí ó sanwó ìbọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó sọ bí a ṣe ń gé awọ, bí a ṣe ń rán an di àpò tí ó sọ orúkọ Gucci di ńlá láti ọdún 1921 tí Guccio, bàbá àgbà Maurizio, ti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Florence, kò ní rí èsì fọ̀. Àwọn ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ Aldo Gucci, ọmọ Guccio, fi ẹ̀hónú hàn nígbà tí fíìmù náà jáde, ṣùgbọ́n aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìn hòòhò wọjà.

Ti Gianni Versace tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ikú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe lé e lórí ní ọdún 2018 lórúkọ. Andrew Cunanan, ẹni tí ó yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Miami ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1997, ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé kiri jù, débi pé aránṣọ di àlejò nínú ìtàn ara rẹ̀. Ẹbí Versace kéde pé àwọn kò lọ́wọ́ sí i, pé ìtàn àròsọ ni kí ayé kà á sí. Síbẹ̀, ibì kan wà nínú eré náà tí a ti rí Gianni ní ọmọdé ní gúúsù Ítálì, tí ó ń wo ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ aránṣọ lẹ́nu iṣẹ́, tí ìyá náà sì ń gbà á níyànjú pé iṣẹ́ tí ó wù ú ni kí ó ṣe. Ní tèmi, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn sọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ ju gbogbo ariwo ìbọn tí ó kù lọ.

Ọ̀rọ̀ Yves Saint Laurent, tí a bí ní Oran ní ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà ní ọdún 1936, ni ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí pé fíìmù méjì ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo, ọdún 2014. Pierre Bergé, ẹni tí ó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wà láàyè nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ojúlówó aṣọ ọ̀gá náà sì wà ní ìpamọ́. Ó fọwọ́ sí fíìmù Jalil Lespert, ó sì kó aṣọ jáde fún un. Kò fọwọ́ sí ti Bertrand Bonello, kò sì yá a ní ẹ̀wù kan, ni Bonello bá ní láti gba àwọn aránṣọ kí wọ́n tún aṣọ wọ̀nyẹn rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìtàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fíìmù tí ó rí aṣọ yá dùn ún wò, ó sì mọ́ tónítóní, bí ìtàn tí opó sọ ní ojú àwọn àna rẹ̀. Èyí tí kò rí aṣọ yá ni ó sún mọ́ àwọn obìnrin tí ń fi ọwọ́ rán aṣọ nínú ilé iṣẹ́ náà, èmi sì fẹ́ ẹ ju èkejì lọ.

Lára àwọn aránṣọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ṣe fíìmù lé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù, Ozwald Boateng ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Gánà wá, tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Savile Row, àdúgbò àwọn aránṣọ ọkùnrin tí ó lókìkí jù lọ níbẹ̀. Ọdún 12 ni Varon Bonicos fi ń gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e kí A Man's Story tó jáde, ohun tí kámẹ́rà náà sì rí kò kéré: ìgbéyàwó tí ó túká, ọmọ tí ń dàgbà, iṣẹ́ ńlá ní ilé Givenchy tí ó gbà ní ọdún 2003. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń ṣe fíìmù lé lórí wà láàyè, ó lè ti ilẹ̀kùn nígbà tí ó bá wù ú. Ewu ibẹ̀ náà sì ni ìyẹn.

Nílé wa ńkọ́? Sàró nínú Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022 kì í ṣe ẹni gidi, ṣùgbọ́n ahunṣọ ni. Òfì ni ó gbé e dé Ọ̀yọ́, owó òfì ni ó sì ń wá. Kò pẹ́ tí Awárùn olówó fi fẹ́ràn rẹ̀, kò pẹ́ tí ó fi kó sí ìfẹ́ Arọ́lákẹ́, olorì Aláàfin, láti ìgbà náà lọ òfì sì di ohun ìgbàgbé. Fíìmù náà dùn, èmi náà jókòó tì í dópin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wo Mokalik tí Afọláyan yìí kan náà ṣe ní ọdún 2019, níbi tí ọmọ kan ti lo odidi ọjọ́ kan láàárín àwọn mẹkáníìkì, ẹ ó mọ̀ pé ó mọ bí a ṣe ń fi sùúrù wo ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, bí ó bá wù ú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 náà ni ètò amóhùnmáwòrán tí ń jẹ́ The Real Housewives of Lagos bẹ̀rẹ̀, tí Toyin Lawani, aránṣọ tí gbogbo Èkó mọ̀, wà nínú wọn. Aṣọ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, asọ̀ pọ̀ jù ú lọ.

Èmi kò sọ pé kí a máa bo àṣírí. Àwa Yorùbá kì í bo àṣírí nínú oríkì: ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ìyá arúgbó tí ń ki ọmọ ilé lówùúrọ̀ yóò gbọ́ gbèsè tí baba ńlá kan jẹ, yóò gbọ́ ìjà tí àwọn orogún jà, yóò gbọ́ ti ẹni tí ó fẹ́ràn ẹmu ju oko lọ, kò sì sí ẹni tí yóò pe ìyá náà lẹ́jọ́, nítorí pé ẹnu kan náà ni yóò sọ ohun tí ọwọ́ onítọ̀hún ṣe láyé. Ta ni yóò ki ìran Òpómúléró tí kò ní kan aṣọ?

Bí a bá gba ojú ọ̀nà kúrò ní Ìdó, tí a kọjá Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, tí a dé Òmùò, a ti kan ààlà ìpínlẹ̀ Kogí. Ìwájú ibẹ̀ ni Ògìdì wà ní ilẹ̀ Ìjùmú, ìlú tí a bí Nike Davies-Okundaye sí ní ọdún 1951, ìyá aláró, ọlọ́nà tí ọwọ́ rẹ̀ gbé àdìrẹ dé ilẹ̀ tí àdìrẹ kò dé rí. Ọmọdé ni ó wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá àgbà tí ó mọ iṣẹ́ aṣọ ni ó tọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò wù ú, ó sá kúrò nílé, ó bá àwọn òṣèré alárìnjó lọ, ó sì bá ara rẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti di ọ̀kan nínú àwọn aya Twins Seven-Seven, ayàwòrán àti olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Ọdún 16 ni ó lò nínú ilé olórogún náà. Kò fi ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ pamọ́. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn láìmọye ìgbà, Kim Marie Vaz ará Amẹ́ríkà sì ti kọ odidi ìwé lórí ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1995.

Gbogbo ohun tí sinimá ń wá kiri ni ó wà níbí: ọmọ tí ó sá fún ìgbéyàwó, orogún, omijé, àti ọkọ tuntun lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ṣùgbọ́n yàrá tí ó ń sùn ní Òṣogbo ni obìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́, kí ó tó dá ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1983, kí ó tó wá kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà gogoro ní Lẹ́kkí. Kámẹ́rà tí ó bá já wọ yàrá yẹn láti wá olólùfẹ́, ìyẹ́ adìẹ tí a fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ ni yóò bá, pẹ̀lú àbẹ́là yíyọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sílẹ̀. Kò yẹ kí èyí ya ará Èkìtì lẹ́nu. Òfì tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá, ara ògiri inú ilé ni ó ń dúró sí. Ìdí òfì ni wọ́n ti ń fún ọmọ lọ́mú, ìdí òfì ni wọ́n ti ń bá ọkọ wí, aṣọ kan náà sì ń gùn sí i lábẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn tí ń ya ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́, ilé tí iṣẹ́ kì í wọ̀ ni wọ́n ń rò.

Àwọn mìíràn tún wà. Shade Thomas-Fahm, tí a bí ní ọdún 1933, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó kọ́ aṣọ rírán wálé ní àkókò òmìnira, ó sì wé gèlè sílẹ̀ fún obìnrin tí kò ráyè wé e fúnra rẹ̀. Ìgboyà tí ó mú ọmọbìnrin pa iṣẹ́ tí ó torí rẹ̀ rìnrìn àjò tì, ó tó fíìmù ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni kú nínú rẹ̀.

Ní Ọyẹ́, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà láti ọdún 2011, àwọn ọmọ tí ń kọ́ eré oníṣe níbẹ̀ kò sì jìnnà sí Ògìdì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ṣe fíìmù Nike, kí ó rántí pé Twins Seven-Seven ti kú ní ọdún 2011, kò lè wí tẹnu rẹ̀ mọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà. Kí ó kan ilẹ̀kùn àwọn tí wọ́n jọ gbé ní Òṣogbo, kí ó bẹ àwọn aláró kí wọ́n jẹ́ kí ó jókòó tì wọ́n láti ìgbà tí wọ́n bá ti gún ẹ̀lú títí tí aró yóò fi mu aṣọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò ṣe ọkọ àti ẹni tí yóò ṣe ìyàwó.