Ìpàdé Àwọn Onímọ̀ nípa Ìfun, àti Ife Omi Inú Ilé Wa

Bí a bá sọ fún yín pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà ní ayé yìí tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wádìí bí oúnjẹ ti ń dà nínú ìfun ènìyàn lọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, tí wọ́n sì ń ti ilẹ̀ dé ilẹ̀ lọ bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀, bóyá ẹ ó rẹ́rìn-ín. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àná: ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1897, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1937. Ìyá ọmọ kan ní Isolo-Opin, tí ó ń fọ àwo lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, lè béèrè pé, kí ni èyí kàn mí? Ó kàn án púpọ̀, pàápàá bí ó bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú ilé.

Àwa tí a ti rí i bí a ti ń tọ́ ọmọ ní apá Òsì àti Ìlọ́fà mọ ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí àgbàrá sì gbá ẹ̀gbin ilẹ̀ wọ inú odò àti kànga. Nígbà náà ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń dé bá àwọn ọmọdé. Ní òwúrọ̀ ọmọ ń ṣeré. Ní ọ̀sán ó ti ṣu nígbà márùn-ún, omi lásán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú rẹ̀ ti wọnú, àwùjẹ̀ orí rẹ̀ ti rì, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń sunkún láìsí omijé. Àwọn àgbà ilé a ní eyín ni ó ń hù. Ẹlòmíràn a ní kí a má ṣe fún un ní omi mọ́, nítorí omi tí ó ń mu náà ni ó ń ṣu jáde. Wọn a sì rọ ọ́ ní àgbo. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Lójú lásán, ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu: bí ìkòkò bá ń jò, ta ni yóò tún máa bu omi sí i? Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ìkòkò. Omi àti iyọ̀ tí ń ti ara rẹ̀ jáde, tí a kò sì fi òmíràn rọ́pò, ni ó ń pa á.

Àwọn oníṣègùn kan ti mọ èyí tipẹ́. Ní ọdún 1832, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń jà ní Scotland, Dókítà Thomas Latta fi omi iyọ̀ sí inú iṣan àwọn tí ikú ti fẹ́rẹ̀ mú lọ, àwọn kan nínú wọn sì sọjí. Nígbà tí ó pẹ́, omi tí a ń fà sí iṣan yìí di ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn gbẹ́kẹ̀ lé. Ó dára, ó sì ń gba ẹ̀mí là títí di òní. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e dé oko? Ó ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó mọ́, omi tí kò ní kòkòrò, àti ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ tí omi ara rẹ̀ ń tán lọ kò sì lè dúró de ọkọ̀ ọjọ́ ọjà.

Kí ló dé tí a kò fi omi iyọ̀ fún un mu? Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ní Calcutta, ní ilẹ̀ Íńdíà, Dókítà Hemendra Nath Chatterjee kọ̀wé ní ọdún 1953 pé òun fi omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ tọ́jú ènìyàn 186 tí onígbáméjì mú, tí àrùn náà kò tíì wọ̀ lára jù. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi yẹ kí irú omi bẹ́ẹ̀ dúró nínú ara kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni, nítorí náà àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Ó dùn wá láti kọ èyí sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá lórí rẹ̀.

Inú ìpàdé ni ìdí náà ti jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, àwọn onímọ̀ nípa bí nǹkan ti ń wọ inú ara kó ara jọ ní ìlú Prague, ní Yúróòpù. Robert Crane, ará Amẹ́ríkà, wà láàrin wọn, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó yé e nípa ìfun. Ó ní ṣúgà kì í dá wọ inú ara. Ẹnu ọ̀nà kan wà lára ìfun kékeré tí kì í gbà á wọlé àfi bí iyọ̀ bá bá a rìn. Bí àwọn méjèèjì bá sì ti jọ wọlé, omi a tẹ̀lé wọn. Crane kò wá sọ̀rọ̀ ọmọ tí ń ṣu. Ọ̀rọ̀ ìfun ni ó bá wá, ó sì sọ ọ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ìfun ń dùn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Oró onígbáméjì dà bí olè tí ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé sílẹ̀, tí gbogbo omi ilé sì ń gba ibẹ̀ dà nù. Ẹnu ọ̀nà iwájú, èyí tí iyọ̀ àti ṣúgà ń jọ gbà wọlé, kò bàjẹ́ rárá. Bí a bá fi omi lásán fún aláìsàn, díẹ̀ ni ara rí gbà nínú rẹ̀. Bí a bá fi iyọ̀ nìkan sí i, bákan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ọn ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ara á gba omi padà bí ìgbẹ́ kò tilẹ̀ tíì dá.

Ní Dhaka, tí ó ti di olú ìlú Bangladesh, David Nalin àti Richard Cash fi èyí hàn lára àwọn tí onígbáméjì mú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1968. Ogun dé ibẹ̀ ní ọdún 1971. Àìlóǹkà ènìyàn sá wọ Íńdíà, onígbáméjì sì bá wọn nínú àgọ́. Ní Bangaon, omi tí a ń fà sí iṣan tán mọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis lọ́wọ́. Ó pàṣẹ kí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ìyá, ọkọ àti ẹ̀gbọ́n máa fi bu fún aláìsàn wọn fúnra wọn. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 ti ń kú, kò tó 4 mọ́.

Onígbáméjì yìí kan náà ni ó dé Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970. Ní ọdún 1991 nìkan, ènìyàn 59,478 ni a kọ sílẹ̀ pé ó mú ní ilẹ̀ wa, 7,654 sì kú. Ẹni tí ó jà jù lọ kí omi iyọ̀ àti ṣúgà lè dé ilé gbogbo ni Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Àlùfáà Israel Ransome-Kuti, tí ó gba ipò Mínísítà fún Ètò Ìlera ní ọdún 1985, tí ó sì kú ní ọdún 2003. Ìgò ni wọ́n fi kọ́ àwọn ìyá ní ìwọ̀n omi: ìgò bíà ńlá kan, tàbí ìgò mínírà méjì fún àwọn ilé tí bíà kì í wọ̀.

Òun pẹ̀lú jẹ́ olùwádìí ìfun. Òun àti Norman Kretchmer ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n fi hàn ní ọdún 1971 pé ìfun ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá àti Ìgbò kì í lè da ṣúgà inú mílíìkì, bẹ́ẹ̀ ni ti èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran ń dà á. Bí mílíìkì bá ń da inú yín rú, tí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà ní ọjà wa kò sì ṣe yín ní nǹkan kan, ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá fi omi bòmubòmu mú un dì, tí a sì sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ ni ó gbé ṣúgà náà lọ. Ẹ má ṣi èyí gbọ́ o: ti àgbàlagbà ni. Ọmọ ọwọ́ tí ń ṣu kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ọmú.

Nísinsìnyí, bí a ti ń pò ó. Bí ẹ bá rí èyí tí a ti dì sínú pépà ní ilé ìwòsàn tàbí lọ́dọ̀ olóògùn, òun ni ó dára jù. Omi tí a kọ sí ara rẹ̀ ni kí ẹ fi pò ó, kí ẹ má dín in, kí ẹ má sì fi kún un. Bí kò bá sí, ẹ wọn omi lítà kan tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà sí i, kí ẹ fi ọ̀bẹ rẹ́ orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan dọ́gba, lẹ́yìn náà iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kan náà. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ: bí ó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, nítorí iyọ̀ àjù lè ṣe ọmọ ní ibi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdá mẹ́rin ife títí dé ààbọ̀ ife nígbàkígbà tí ó bá ṣu. Èyí tí ó dàgbà jù ú lọ, ààbọ̀ títí dé ife kan. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì máa fi ṣíbí bu fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ mímu kò gbọdọ̀ dá. Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a fi oògùn síǹkì kún un fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ọmọ kò lè mu mọ́, tàbí tí oorun ń gbé e lọ ṣáá, ilé ìwòsàn ni, kí ẹ sì máa fún un mu lójú ọ̀nà bí ó bá ṣì lè gbé e mì.

Èyí tí a bá pò ní òwúrọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kọjá òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹ da ìyókù nù, kí ẹ sì po òmíràn.