Orúkọ àti Àkọsílẹ̀: Àyẹ̀wò Fáìlì Ètò Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lórí Linux

1. Ìfáárà
Ní Ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ wa, iná mànàmáná a máa lọ lójijì. Nígbà tí ó bá padà dé, kọ̀ǹpútà tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé-ẹ̀kọ́ lè tàn, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn a tètè dá káàdì lẹ́bi, wọn a sì ra òmíràn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àkọsílẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

2. Ohun tí a pa láṣẹ àti ohun tí a kọ
Àṣẹ tí a tẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí àpẹẹrẹ ip addr add, kì í la àtúntàn ẹ̀rọ já. Ohun tí a kọ sínú fáìlì ni ó ń ṣẹ́ kù. Lórí Red Hat àtijọ́, fáìlì náà ni ifcfg-eth0, nínú /etc/sysconfig/network-scripts. Bí ìlà ONBOOT bá jẹ́ no, káàdì kì yóò dìde fúnra rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ orúkọ
Orúkọ eth0 àti eth1 dà bí Táíwò àti Kẹ́hìndé: ẹni tí ó bá ṣáájú dé ni ó ń jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣáájú lónìí lè kẹ́hìn lọ́la. Nítorí náà, láti 2013 ni systemd ti ń fi ibi tí káàdì wà sọ ọ́ lórúkọ, bíi enp3s0. Ẹni tí ó gbé fáìlì eth0 sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sí nílé ni ó ń pè. Bákan náà, ìlà HWADDR kì í gba káàdì àjèjì. Ẹni tí ó ra káàdì titun nítorí ONBOOT ti sọ àìsàn kan di méjì.

4. Ìlànà àyẹ̀wò
(i) Kí a tẹ ip link. Bí ó bá fi NO-CARRIER hàn, kí a wo wáyà.
(ii) Kí a fi orúkọ àti àdírẹ́sì tí a rí wé DEVICE àti HWADDR.
(iii) Kí a ka ONBOOT, IPADDR àti GATEWAY.
(iv) Kí a lo ifup, kí a sì fi ping kàn sí GATEWAY.
(v) Kí a pa ẹ̀rọ, kí a tún un tàn. Èyí nìkan ni ẹ̀rí pé àtúnṣe náà fìdí múlẹ̀.

5. Ìkádìí
RHEL 9, tí ó jáde ní 2022, kò kó network-scripts wá mọ́. NetworkManager ni ó gba iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ìbéèrè wa kò yí padà: ǹjẹ́ orúkọ tí a kọ sílẹ̀ bá ẹni tí ó wà nílé mu?