Òòyì Tí Ń Kọ́ Ọmọ Nídìí Ọkọ̀ Òfuurufú Orí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè ya àwọn àgbà lẹ́nu, nítorí pé èmi pàápàá kò kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan tí ó ń tajà ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 19, wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ra oògùn ibà fún un láàárín oṣù kan. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òòyì a kọ́ ọ, òógùn tútù a bò ó, a sì bì."

Díẹ̀ ni ó kù kí èmi náà kọ oògùn ibà sílẹ̀, nítorí pé ibà ni a sábà máa ń rí. Ṣùgbọ́n láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Mo gún un níka, a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná. Mo bẹ ìyá kí ó jókòó síta díẹ̀, mo wá bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó máa ń ṣe kí òòyì náà tó dé.

Ó dojú bolẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ọkọ̀ òfuurufú ogun ni mò ń wà lórí kọ̀ǹpútà."

Orúkọ eré náà ni DCS World. Oṣù yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TrackIR. Kámẹ́rà kékeré ni, orí kọ̀ǹpútà ni a ń gbé e lé. Ó ń ṣọ́ iná wẹ́wẹ́ mẹ́ta, tí ojú ènìyàn kò lè rí ìmọ́lẹ̀ wọn, tí a so mọ́ hẹ́dífóònù. Bí ọmọ náà bá yí orí díẹ̀ sọ́tùn-ún, àwòrán a yí púpọ̀ sọ́tùn-ún, títí yóò fi rí ọ̀tá tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ rántí bí a ti ń pòòyì ní kékeré: a ó yí títí, a ó dúró, ilé ṣì ń yí. Omi kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tí ó ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ bí orí ti ń yí. Àwa ti dúró, omi náà kò tíì dúró. Ti kọ̀ǹpútà ni ìdàkejì rẹ̀. Ojú ní ọkọ̀ ti dojú dé, etí ní orí àga la jókòó sí. Ọpọlọ kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́, ni èébì bá dé. Irú àríyànjiyàn ojú àti etí bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń mú ẹni tí ń kàwé nínú dáńfó láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Yaba.

Èébì kọ́ ni ó ń ba ọmọ náà nínú jẹ́. Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ní Zaria, ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, ó sì rò pé bí ìyá òun bá gbọ́ pé eré lásán ń mú òun bì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo sọ fún un pé ní 1957 ni wọ́n ti kọ nípa àìsàn yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní wíwa hẹlikópítà láì kúrò nílẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí ó ti mọ hẹlikópítà gidi ni ó tilẹ̀ dà láàmú ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ohun tí ó ba tirẹ̀ jẹ́ ni pé ó ń rọ́jú. Wákàtí mẹ́ta ni ó ń jókòó, a sì ti gbogbo fèrèsé, nítorí pé oòrùn máa ń da kámẹ́rà náà rú. Ooru yẹn nìkan tó mú ènìyàn bì! Kọ̀ǹpútà rẹ̀, tòkúnbọ̀, kò sì yára. Orí a ti yí tán kí àwòrán tó tẹ̀ lé e.

Mo ní kí ó dúró di alẹ́, kí ó ṣí fèrèsé tí ó ní nẹ́ẹ̀tì, kí ó tan fáànù. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10. Bí itọ́ bá ti ń kún ẹnu tàbí tí òógùn bẹ̀rẹ̀, kí ó dìde lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí òòyì, kí ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un. Kí ó dín bí àwòrán ti ń yí kù, kí ó sì fi àyè díẹ̀ sí àárín tí mímì orí kékeré kò fi ní yí i. Yíyí sọ́tùn-ún sósì àti wíwo òkè wo ilẹ̀ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó pa ti fífi orí sí ẹ̀gbẹ́ ná. Nítorí ọrùn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan àga, kí kọ̀ǹpútà sì ga tó ojú rẹ̀. Bí òòyì kò bá tíì lọ tán, kò gbọdọ̀ wa mọ́tò tàbí kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí òòyì bá ń kọ́ ọmọ láìjẹ́ pé ó wà nídìí eré, tí ara rẹ̀ gbóná, tí etí rẹ̀ ń ho tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, tí ó dákú, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá nígbà tí ìyá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ó ti ń lo ìṣẹ́jú 40 láìbì. Ìyá ní kò sí ẹni tí yóò ti ilé òun lọ sí Zaria, àfi bí ó bá kọ́kọ́ yege nínú ìṣirò. Èmi kò dá sí ìyẹn. Ìfúnpá ni mo ń wọ̀n.