Iná, Epo àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Wa



Ní Ifangni níhìn-ín, ọ̀pẹ yí ilé wa ká. Ní Pọ́bẹ̀, nínú Plateau tiwa, ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922. A mọ bí a ti ń ṣe epo. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí iná ń ṣe sí epo nínú agbada?

Alákàrà kan bi wá ní kíláàsì pé: “Tíṣà, ṣé epo tí mo fi dín àkàrà lánàá burú ni? Bí mo bá dà á nù, èrè mi dà nù.” Ìbéèrè náà dára. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ẹ̀ṣọ́ inú epo

Ẹ wo irin. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá ń kàn án, á dógùn-ún. Afẹ́fẹ́ a máa ba epo náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, iná a sì máa mú kí ó tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n epo pupa ní ẹ̀ṣọ́. Ohun tó mú kí ó pọ́n wà lára ẹ̀ṣọ́ náà, fítámínì E sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé epo kaná títí àwọ̀ pupa fi ṣí, ẹ ti lé ẹ̀ṣọ́ lọ.

2. Iṣẹ́ tí epo bíbàjẹ́ ń ṣe nínú ara

Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú iṣan kọjá bí omi ti ń gba inú rọ́bà. Epo tó ti bàjẹ́ lè ṣe inú iṣan náà léṣe. Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná. Ara ń jà ni. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ń ṣe nínú, níbi tí ojú wa kò tó. Bí wíwú náà bá pẹ́, iṣan á le, àyè inú rẹ̀ á dín kù, ọkàn á sì máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tánsíọ̀n. Bí iṣan bá dí ní ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ lè dé. Bí ó bá dí ní ọkàn, ikú òjijì lè dé. Ní ọdún 2019, àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa ènìyàn tó ń lọ sí mílíọ̀nù 18 ní gbogbo ayé.

3. Báwo ni a ṣe mọ̀?

Ní Calabar, ní Nàìjíríà, àwọn olùwádìí fún àwọn eku kan ní epo pupa tuntun, wọ́n fún àwọn mìíràn ní èyí tí iná ti bàjẹ́. Ní 1996 wọ́n kọ ọ́ jáde pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹ epo bíbàjẹ́ ru ju ti àwọn yòókù lọ. Ní Malaysia, wọ́n fi epo ọ̀pẹ kan náà dín ọ̀dùnkún ní ìgbà 5 àti ìgbà 10. Ẹ̀jẹ̀ àwọn eku tó jẹ ẹ́ ru.

Lóòótọ́, eku kì í ṣe ènìyàn. Epo nìkan kọ́ ló sì ń fa tánsíọ̀n: iyọ̀ àjẹjù, sìgá, ọtí àti sísanra jù wà níbẹ̀. Epo tuntun pàápàá, kò yẹ kí ó pọ̀ jù.

4. Kí ni ẹ lè ṣe?

Ẹ lo agbada tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ jù, kí ẹ bu epo tó máa tó iṣẹ́ òòjọ́.
Bí epo bá ń rú èéfín, ẹ fa igi iná jáde.
Ẹ máa yọ èérún tó ń jóná.
Ẹ má da epo tuntun lé epo àná.
Epo tó ti dúdú, tó ń ki, tó ń yọ ìfófò, ẹ fi ṣe ọṣẹ. Èrè yín kò dà nù tán.
Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ilé ìwòsàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó ní i tí kò mọ̀. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn, kí ó má ṣe dá a dúró.

Ẹ dáhùn:
Kí ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ inú epo?
Èéṣe tí kò fi yẹ kí a da epo tuntun lé ti àná?
Ta ni ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò nínú ilé yín?