Ajá tí ìbàdí ń dùn kì í ṣe ọ̀lẹ

Ìbéèrè tòní wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ajá ńlá kan ń bá wọn ṣọ́ ilé àgbàdo. Ajá àwọn ará Jámánì ni, irú èyí tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní berger allemand. Kò tíì pé ọdún méjì. Láàárọ̀, kó tó dìde, á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ iwájú fa ara rẹ̀ sókè, ìdí rẹ̀ á máa gbọ̀n. Tó bá ń sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì á jọ fò pọ̀ bí ti ehoro. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní olè ló fi nǹkan ṣe é. Ẹnì kan wá ní dìgbòlugi ni, kí wọ́n yáa pa á.

Ẹ má pa á o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ dìgbòlugi, torí ìyẹn ló lè pa èèyàn. Dìgbòlugi kì í fi oṣù mẹ́fà rìn. Ìwà ajá á yí padà lójijì, ohùn rẹ̀ á yí, itọ́ á máa dà, kò ní lè gbé oúnjẹ mì. Òmíràn kì í tilẹ̀ já lu èèyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn kú ni. Láti ìgbà tó bá ti hàn báyìí, kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ kó tó kú. Ajá tó ń tiro láti oṣù mẹ́fà, tó ń jẹun, tó mọ olówó rẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ajá èyíkéyìí bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wo ohun tí ajá yóò dà.

Ó dáa. Kí ló wá ń ṣe ajá wọn? Gbogbo àmì tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí, oríkèé ìbàdí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ wo ìkòkò omi tí àwọn ìyá wa ń rù. Ìdí rẹ̀ rí roboto, òṣùká ló gbà á mọ́ra tí kò fi yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí egungun itan ajá ṣe rí roboto, tó wọ inú kòtò kan lára egungun ìbàdí. Tí kòtò yẹn bá jìn, tí iṣan sì dì í mú, ẹsẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, láìsí wàhálà. Lára irú ajá yìí, kòtò náà kò jìn tó, iṣan sì dẹ̀. Orí egungun á máa yọ̀ síwá sẹ́yìn. Nǹkan funfun tó ń dán tí ẹ máa ń rí lórí eegun adìẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha níbẹ̀. Tó bá ti ha tán, egungun á máa gbo egungun, làkúrègbé dé nìyẹn. Ajá á wá gbé ara lé ẹsẹ̀ iwájú, àyà rẹ̀ á nípọn, itan ẹ̀yìn á rù.

Ara òbí ló ti ń jogún rẹ̀. Tí wọ́n bá bí i, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Bó ṣe ń dàgbà ló ń hàn, ẹlòmíràn ní oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ẹlòmíràn ó di ìgbà arúgbó. Ajá ńlá tó wúwo ló ń ṣe jù: berger allemand, Labrador, Rottweiler. Ta ló ṣe é? Kò sẹ́ni tó ṣe é.

Oúnjẹ ló wà lọ́wọ́ yín. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ajá Labrador 48, wọ́n pín wọn ní méjì-méjì. Bí ọ̀kan bá jẹ ìwọ̀n 4, ìkejì á jẹ 3. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí àwọn ajá náà fi kú, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tó ń jẹ 3 fi bí ọdún méjì dín díẹ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tó kù lọ, làkúrègbé sì pẹ́ kó tó mú wọn. Nítorí náà, bí ajá ṣe sanra yẹn tí ẹ fi ń yangàn, ẹrù ni lórí ìbàdí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa á níhà. Tí ọwọ́ yín ò bá kan egungun ìhà wẹ́rẹ́, ẹ dín ọkà rẹ̀ kù. Àti ẹ̀yin tó ń ra kálísíọ̀mù fún ọmọ ajá ńlá pé kí egungun rẹ̀ le, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáwọ́ dúró. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba egungun tó ń dàgbà jẹ́.

Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó máa sáré tẹ̀lé zémì. Ìrìn díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, nígbà tí oòrùn ò mú, ìyẹn ló ń fún itan lágbára. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tí ẹ sún mọ́ ọ̀sà, ẹ jẹ́ kó máa lúwẹ̀ẹ́ níbi tí omi ti rọ̀, torí omi á bá a gbé ara rẹ̀. Ilẹ̀ kárò tó ń yọ̀ kò dáa fún un rárá. Ẹ tẹ́ àpò àgbàdo òfìfo síbi tó ń gbà kọjá àti ibi tó ń sùn, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Oògùn ńkọ́? Ẹ má fún un ní parasetamọ́ọ̀lù, ibuprofen tàbí diclofenac tí wọ́n ń tà lọ́jà fún èèyàn. Wọ́n lè ba ikùn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè kú. Oògùn ìrora ti ajá wà, dókítà ẹranko ni kó fún yín ní ìwọ̀n rẹ̀. Dókítà náà lè ní kí ẹ ya fótò egungun kó lè rí inú kòtò yẹn. Iṣẹ́ abẹ wà, owó rẹ̀ ló pọ̀. Kò sí oògùn tó ń jẹ́ kí kòtò jìn, ẹnikẹ́ni tó bá tà á fún yín lọ́jà, irọ́ ló tà. Ṣùgbọ́n ajá yín ṣì lè máa gbó tí olè bá dé, iṣẹ́ tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á náà nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ má jẹ́ kí ajá yìí gun abo, kódà tí ẹnì kan bá fi owó bẹ̀ yín. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra ọmọ ajá ńlá, ojú ò lè mọ̀ ọ́n lára ọmọ oṣù méjì, nítorí náà ìyá rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ ní kó dìde, kó rìn, kó sáré níwájú yín. Ẹni tó bá ní Faransé ni òun ti kó òbí rẹ̀ wá, ẹ béèrè ìwé ìbàdí wọn. Wọ́n máa ń ya fótò ìbàdí ajá níbẹ̀ tó bá ti pé ọdún kan, wọ́n á sì fún un ní lẹ́tà láti A dé E: A ló dáa jù, E ló burú jù. Tí ìwé ò bá sí, ẹ má san owó ajá Faransé.