Laptop Fọ́tò àti Fídíò: Kí Owó Wa Má Baà Wọgbó

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ya fọ́tò àti fídíò níbi ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe eré rárá. Bí a bá sọmọ lórúkọ níhìn-ín, ìyá àgbà tó wà ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò lè rin ìrìn jíjìn yìí, fídíò yẹn ni yóò fi mọ ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí laptop bá kú láàárín iṣẹ́ tí fídíò sì sọnù, a kò lè sọ ọmọ náà lórúkọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni orúkọ. Wọ́n á rí "Core i7" lára laptop tòkunbọ̀, wọ́n á ní ó ti ju i5 lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. i7-2620M jáde ní 2011, ó sì dà bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ méjì péré wà nínú rẹ̀. i5-8250U jáde ní 2017, mẹ́rin ni tirẹ̀. 8 tó ṣáájú nọ́ńbà yẹn ló ń sọ pé ìran kẹjọ ni. Láti ìran kẹjọ lọ ni Windows 11 ti ń gba ẹ̀rọ Intel, àfi díẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025.

Lẹ́yìn èyí, RAM ló kàn. 8GB tó fún fọ́tò àti fídíò kúkúrú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, kó wá 16GB. Kó sì jẹ́ SSD, kì í ṣe hard disk àtijọ́ tó ń yí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: kámẹ́rà tó ń gba 50 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò kó nǹkan bíi 22.5GB jọ ní wákàtí kan. Ìnáwó wákàtí mẹ́ta ti ju 67GB lọ. SSD 256GB yóò yára kún. Ẹ ra 512GB, kí ẹ sì ní hard disk àfitagbangba fún ẹ̀dà kejì. Ẹ má ṣe nu káàdì kámẹ́rà kí ẹ̀dà tó pé méjì.

Ìlú tí a ń gbé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní January 2021, wọ́n ba wáyà iná ńlá tó wọ Maiduguri jẹ́, ọ̀pọ̀ oṣù la fi wà lókùnkùn. Ṣájà laptop iṣẹ́ ọ́fíìsì kì í sábà ju 65W lọ, sólà kékeré lè gbé e. Laptop gémù ń fẹ́ tó 200W nígbà mìíràn. Ooru ibí ń kọjá ìwọ̀n 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ọyẹ́ sì ń dí fáànù. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, fúnra rẹ̀ ni yóò fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì máa gbọn eruku rẹ̀.

Èwo ni ká wá rà? Dell Latitude 5490, HP EliteBook 840 G5 àti Lenovo ThinkPad T480 jẹ́ ti ọ́fíìsì, a sì lè fi RAM kún wọn. Àléébù wọn ni pé ojú púpọ̀ nínú wọn kì í gbé àwọ̀ jáde dáadáa. Ẹ bèèrè èyí tó ní ojú IPS 1920 x 1080.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ mú fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fi kámẹ́rà tiyín yà lọ sọ́jà, kí ẹ gbé e jáde lórí laptop náà níṣojú yín. Ẹ fà á kúrò lára iná. Ẹ tẹ powercfg /batteryreport ní Command Prompt, yóò fi agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun hàn, àti èyí tó kù. Bí èyí tó kù kò bá tó ìdajì, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-iṣẹ́ kan ṣì wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ní ti ètò iṣẹ́, Kdenlive àti Shotcut wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún fídíò, GIMP àti darktable fún fọ́tò. DaVinci Resolve náà ní ti ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó lágbára ju ìwọ̀nyí lọ ló ń fẹ́.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ gba fíríìdọ́ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò, ẹ̀bẹ̀ wa rèé: ẹ yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹbí àti àpèjẹ, kí ẹ fi ra RAM àti hard disk ẹ̀dà kejì. Àpèjẹ ọjọ́ kan ni, irinṣẹ́ yẹn ni yóò máa bọ́ ọmọ.